Tí orúkọ sírísì méjì bá jọra, kí la máa kọ sí i lára ká lè yà wọ́n sọ́tọ̀?

ỌmọÌjàpọ̀ (Àkúrẹ́):

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé o. Àwa bíi mélòó kan níbí l'Ákùúrẹ́ la máa ń kọ nípa àwọn sírísì Nàìjíríà sórí Wikipedia Yorùbá, a sì ti fẹnu kò pé àwọn tó ti pẹ́ la máa kọ́kọ́ kọ, àwọn tí àwọn òbí wa ń wò nígbà tó jẹ́ pé NTA nìkan ló ń wọlé sí ilé ọ̀pọ̀ èèyàn, ká má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n di ohun tí kò sẹ́ni tó lè rí kà mọ́. Orúkọ ló wá dá wa dúró.

Ẹ wo Checkmate. Ti Amaka Igwe ni mò ń sọ o, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí Ego Boyo ṣe Ann Haatrope, tí Richard Mofe-Damijo ṣe Ṣẹ́gun Kádírì. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ yẹn sí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ayò ṣẹ́ẹ̀sì ló máa kọ́kọ́ gbé jáde, tẹ́ ẹ bá wá a síwájú ẹ tún máa rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní sírísì tó ń jẹ́ Checkmate, CBS ló gbé e jáde láti 1960 sí 1962. Mẹ́ta ti ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká fi ọdún sí i nínú bráàkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkámọ́, ẹlòmíì ní rárá, Nàìjíríà ni ká kọ, ẹnì kẹta wá ní ká kúkú lẹ Nàìjíríà mọ́ gbogbo sírísì tá a bá ti fẹ́ kọ, ìbáà ṣe Tinsel, ìbáà ṣe Fuji House of Commotion, kí gbogbo ẹ̀ lè rí bákan náà. Èmi ò fara mọ́ ti ẹnì kẹta yẹn rárá, ṣùgbọ́n mi ò rí àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ṣe fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

ÀǹtíOǹdó (Oǹdó):

Ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ gidi lẹ dáwọ́ lé.

Kẹ́ ẹ tó máa jiyàn lórí ọdún àti orílẹ̀-èdè, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan míì tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Tí kò bá sí, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Fuji House of Commotion, kí ló tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí? Tẹ́ ẹ bá lẹ Nàìjíríà mọ́ ọn, ẹni tó ń kà á á rò pé ti Gánà wà níbì kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ wo Oǹdó tí mo wà yìí, ìlú wà tó ń jẹ́ Oǹdó, ìpínlẹ̀ wà tó ń jẹ́ Oǹdó, torí ẹ̀ la ṣe ní láti ya wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó kọ "Ìdànrè (ìlú)" nígbà tó jẹ́ pé Ìdànrè kan ṣoṣo la mọ̀? Ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn kì í ṣe ara orúkọ, àmì lásán ni, ó sì yẹ kó kéré bó bá ṣe lè kéré tó.

Tó bá wá jẹ́ pé nǹkan méjì ń jẹ́ orúkọ kan lóòótọ́, irú nǹkan tó jẹ́ lẹ kọ́kọ́ máa wò. Blood Sisters dáa fún àpẹẹrẹ. Fíìmù Nàìjíríà kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2003, Genevieve Nnaji àti Omotola ló ṣe é, Netflix náà wá gbé sírísì Nàìjíríà kan jáde ní 2022, Blood Sisters náà ló ń jẹ́, Ini Dima-Okojie àti Nancy Isime ló wà nínú tìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ Nàìjíríà sára méjèèjì, kí lẹ tíì yà sọ́tọ̀? Ẹ kọ (fíìmù) sára ọ̀kan, ẹ kọ (sírísì tẹlifíṣọ̀n) sára ìkejì, ó parí.

Ìgbà tó bá jẹ́ pé sírísì méjì ló ń bára wọn jìjàdù orúkọ la tó ń lo orílẹ̀-èdè tàbí ọdún. The Office ti BBC bẹ̀rẹ̀ ní 2001, NBC ti Amẹ́ríkà wá ṣe tiwọn ní 2005, orílẹ̀-èdè ni Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì fi yà wọ́n. House of Cards náà rí bẹ́ẹ̀, ti BBC ní 1990, ti Netflix ní 2013. Ṣùgbọ́n Battlestar Galactica, Amẹ́ríkà ló ti 1978 jáde, Amẹ́ríkà ló tún ti 2004 jáde, orílẹ̀-èdè ò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ọdún ni wọ́n lò. Tẹ́ ẹ bá wá rí i tí orílẹ̀-èdè nìkan ò tó, tí ọdún nìkan náà ò tó, ẹ kó méjèèjì sí i, àmọ́ ìyẹn ò wọ́pọ̀. Ọdún tá à ń sọ yìí, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ ni o, ẹ má lọ kọ ọdún tí wọ́n fi kámẹ́rà yà á tàbí ọdún tó parí, torí mo ti rí péèjì tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì da ọ̀pọ̀ èèyàn rú.

Fún Checkmate tiyín, orílẹ̀-èdè ni màá lò. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ lọ́la, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ogójì ọdún pé ọdún wo ni Checkmate bẹ̀rẹ̀, á kàn máa méfò ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá tiwa ni àbí ti òyìnbó, kò ní ronú rárá tó fi máa dáhùn. Ohun tó wà lórí ẹni tó ń wá nǹkan ló yẹ kó wà nínú àkámọ́ yẹn.

BàbáỌbáIlé (Ọbá-Ilé, Àkúrẹ́):

Àǹtí Oǹdó, àlàyé yín yè kooro, mo kí yín. Àmọ́ ibì kan wà tí mi ò ní bá yín dé. Wikipedia Yorùbá là ń sọ, a ò sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló ń ka Yorùbá tó máa tẹ Checkmate tó fi máa jẹ́ pé sírísì Amẹ́ríkà ọdún 1960 ló ń wá? Nígbà yẹn gan-an ilé mélòó ló ní tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa, WNTV Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1959 ni. Kò sẹ́ni tó kọ péèjì kankan fún ti Amẹ́ríkà yẹn lédè Yorùbá. Kí ló dé tí tiwa á wá máa gbé àkámọ́ lọ́rùn kiri nínú ilé ara ẹ̀, nítorí àlejò tí kò tíì dé?

Àwọn tó ni ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ Friends síbẹ̀, tààrà ni wọ́n máa gbé yín lọ sí sírísì Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò ni friends, wọ́n sì ní péèjì ọ̀tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣíṣe. Doctor Who náà, láti 1963 ló ti wà, fíìmù tún wà ní 1996 tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, sírísì ló ni orúkọ gbalaja, ìyẹn orúkọ láìsí àkámọ́, fíìmù ló gba àkámọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn òǹkàwé wọn ń wá. Àwa náà ní òǹkàwé tiwa. Tí ọmọ Yorùbá bá tẹ Checkmate, Ann Haatrope àti Ṣẹ́gun Kádírì ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀kan tún kù. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń túmọ̀ àkọlé. The Village Headmaster, ẹnì kan lọ sọ ọ́ di Ọ̀gá Ilé Ìwé Abúlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ṣẹ́gun Olúṣọlá ò pè é bẹ́ẹ̀, NTA ò pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tá a wò ó tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ kọ nípa ẹ̀ ní Yorùbá tó jinlẹ̀, àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi bí i ni kó máa jẹ́.

Dèjì_FUTA (Àkúrẹ́):

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tèmi ò ní pọ̀, apá ti ẹ̀rọ nìkan ni mo fẹ́ fi kún un torí ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí ìjíròrò bá parí tán.

Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fún ní orúkọ gbalaja, ìlà kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lókè péèjì ẹ̀ tó máa júwe ibi tí àwọn yòókù wà. Tó bá jẹ́ méjì péré ni wọ́n, ìlà yẹn ti tó, ẹ ò nílò ojúewé ìṣojútùú, ìyẹn péèjì tó kàn ń to gbogbo ohun tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìkankan nínú wọn ò bá ní orúkọ gbalaja, ni kẹ́ ẹ tó ṣí ọ̀kan, kẹ́ ẹ to gbogbo wọn síbẹ̀, ìlà kan fún ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má kọ ìtàn gígùn sí i. Kì í ṣe ibi ìwé kíkà, ibi tí èèyàn ti ń yà sí ọ̀nà ẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá yí orúkọ péèjì padà, orúkọ àtijọ́ á di àtúnjúwe fúnra ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá ara ẹ̀ lórí péèjì tuntun. Ẹ má ní kí wọ́n pa á rẹ́ o! Àwọn péèjì míì ti fi líńkì so mọ́ ọn, àwọn èèyàn ti pín in lórí WhatsApp àti Facebook, tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ gbogbo ẹ̀ á máa já sí òfo. Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tí ojúewé ìṣojútùú bá gba orúkọ tí péèjì kan ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo líńkì àtijọ́ á máa dà síbẹ̀, ó máa gba pé kẹ́ ẹ tọ́ wọn sọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà kì í dùn ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Nínú àyọkà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àkámọ́ hàn láàárín gbólóhùn. Ìlà òró yẹn, |, la fi ń bò ó, ẹ kọ orúkọ péèjì tó pé pérépéré sí ọwọ́ òsì ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí èèyàn kà sí ọwọ́ ọ̀tún. Gbólóhùn á lọ geere.

Wikidata, ibi tí wọ́n ti ń so péèjì nǹkan kan náà pọ̀ láti èdè kan sí èkejì, ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀ yín sí jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọ Checkmate tiwa tán, tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ so ó mọ́ kẹ́ ẹ kà á, torí orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ nínú àpótí ìṣàwárí. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ti CBS, gbogbo èdè yòókù á máa rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ti àmì ohùn náà tún wà. Aníkúlápó ti Kunle Afolayan, fíìmù ni ní 2022, sírísì tó tẹ̀ lé e ní 2024 sì ní orúkọ tó gùn ju ìyẹn lọ, Aníkúlápó: Rise of the Spectre, torí náà orúkọ wọn ti ya ara wọn sọ́tọ̀ láìsí àkámọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, Anikulapo gbọnrangandan ni wọ́n máa tẹ̀, àwọn míì sì wà tó jẹ́ Fẹlá ni wọ́n ń wá. Ẹ kọ péèjì pẹ̀lú àmì tó pé, kẹ́ ẹ wá ṣe àtúnjúwe kan láìsí àmì fún un. Gbogbo àkọlé Yorùbá ló yẹ kó ní méjèèjì, ìbáà jẹ́ sírísì ìbáà jẹ́ nǹkan míì.

ỌmọÌjàpọ̀ (Àkúrẹ́):

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Méjì ló tún kù tó ń dí wa lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n gbé padà. The Village Headmaster wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1968 di 1988, Ted Mukoro, Femi Robinson, Justus Esiri, gbogbo wọn ló ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé níbẹ̀, NTA wá tún gbé òmíràn jáde ní 2021. Ṣé péèjì kan ni àbí méjì?

Ìkejì, Super Story ti Wale Adenuga. Ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí Super Story, Oh Father, Oh Daughter ni wọ́n máa sọ, tàbí kí wọ́n kàn sọ Tóyìn Tòmátò tí Sola Sobowale ṣe. Kí ni ká fi ṣe orúkọ péèjì?

ÀǹtíOǹdó (Oǹdó):

Ti 2021 yẹn, The New Village Headmaster ló ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ New yẹn ti yà á sọ́tọ̀ látilẹ̀wá, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é, kẹ́ ẹ má fi ọdún kankan sí i. The New Masquerade ti Zebrudaya náà nìyẹn, The Masquerade ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ṣe é ló ti fi ọwọ́ ara wọn yà á. Big Brother náà, orílẹ̀-èdè ti wà nínú orúkọ. Ti 2006 ń jẹ́ Big Brother Nigeria, nígbà tí wọ́n tún padà dé ní 2017 wọ́n sọ ọ́ di Big Brother Naija. Níbi tí àwọn tó ni nǹkan bá ti fúnra wọn yà á sọ́tọ̀, ẹ má bá wọn tún un yà.

Super Story ni kó jẹ́ péèjì gidi. Oh Father, Oh Daughter lè ní péèjì tiẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ohun tó pọ̀ tó tí ìwé ìròyìn kọ nípa ẹ̀, tí kò bá sí, ẹ ṣe é ní àtúnjúwe sí Super Story, kẹ́ ẹ ṣe Tóyìn Tòmátò náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ orúkọ tó mọ̀ gbọ́dọ̀ débì kan, kò yẹ kó bá ògiri pàdé torí pé orúkọ tó rántí yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé.

Tẹ́ ẹ bá débi kíkọ síísìnì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi ti Tinsel tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àkámọ́ ni wọ́n ń lò fún un tẹ́lẹ̀ lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní 2024, orúkọ sírísì àti nọ́ńbà síísìnì ni wọ́n ń kọ tẹ̀léra báyìí. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ méjì.

Bàbá Ọbá-Ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n fèsì sí tiyín. Mo gbà pé àwọn òǹkàwé tiwa la gbọ́dọ̀ wò, mo sì gbà pé ẹ má jẹ̀ẹ́ ká túmọ̀ àkọlé. The Village Headmaster, Tinsel, ẹ fún wọn ní orúkọ gbalaja, kò sí ìjà. Checkmate ló ṣòro fún mi. Ti Amẹ́ríkà yẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí, ṣẹ́ẹ̀sì ni. Látìgbà tí Tunde Onakoya ti jókòó ta ayò yẹn fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, ní oṣù kẹrin 2024, àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ ọ níbi gbogbo, tí ọmọ ọdún méjìlá bá tẹ Checkmate sórí Wikipedia Yorùbá, Amaka Igwe kọ́ ló ń wá. Ọmọ yẹn náà òǹkàwé wa ni. Mo fẹ́ kí ojúewé ìṣojútùú gba orúkọ gbalaja, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ ẹ̀, kí tiwa sì wà lókè pátápátá.

BàbáỌbáIlé (Ọbá-Ilé, Àkúrẹ́):

Ẹ ti mú mi níbi ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méjìlá yẹn. Mi ò tíì gbà tán o, ṣùgbọ́n tí tiwa bá wà lókè, mi ò ní bá yín jà.

Kí wá ni a máa kọ sínú àkámọ́ gan-an? Mo ti rí "sírísì", mo ti rí "eré àtìgbàdégbà", mo ti rí "ètò tẹlifíṣọ̀n", mo tiẹ̀ rí ibi tí wọ́n kọ "fíìmù" sára ohun tó lọ ju ọdún mẹ́wàá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mú ọ̀kan. "Ètò" ò dáa fún eré, torí ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ètò ni, ìròyìn aago mẹ́sàn-án náà ètò ni. Èmi fara mọ́ "sírísì tẹlifíṣọ̀n" tí Àǹtí lò lókè yẹn, gbogbo èèyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó jẹ́ Yorùbá pọ́nńbélé. Arelu ti Jimoh Aliu, èyí tí Fádèyí Olóró ti gba orúkọ, tí Òrìṣàbùnmi náà wà nínú ẹ̀, Yanpọnyánrin, Fọpómóyọ̀, nígbà tí Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 1996. A máa ń tètè jẹun alẹ́ ká lè wò wọ́n. Orúkọ wọn ò bá ti ẹnikẹ́ni jà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ wọ́n kí àwọn tó mọ ìtàn ẹ̀ tó tán láyé. Jimoh Aliu fúnra wọn ti lọ ní 2020.

Dèjì_FUTA (Àkúrẹ́):

Bàbá, ẹ má bínú, ìbéèrè kan lórí Arelu: ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe kọ àkọlé yẹn sójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú àmì àbí láìsí àmì? Tó bá jẹ́ pé láìsí àmì ni, màá ṣí péèjì sórí bẹ́ẹ̀, màá wá fi bí wọ́n ṣe ń pè é sínú gbólóhùn àkọ́kọ́. ỌmọÌjàpọ̀, mo ti ṣe àtúnjúwe Tóyìn Tòmátò pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, méjèèjì ń lọ sí Super Story. Ojúewé ìṣojútùú ti Blood Sisters pọn dandan bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n, torí àkámọ́ ti wà lára méjèèjì, kò sí èyí tó ni orúkọ gbalaja.

BàbáỌbáIlé (Ọbá-Ilé, Àkúrẹ́):

Láìsí àmì ni wọ́n kọ ọ́ nígbà yẹn, lẹ́tà ńláńlá. Ẹ ṣí i bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣèré tí mo bá rántí, màá kọ orúkọ wọn sí ojúewé ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìyẹn ibi tí àwa tá à ń kọ ọ́ ti ń jíròrò, kẹ́ ẹ wá ìwé ìròyìn tó máa gbè é lẹ́sẹ̀.